Igún Inú Ọgbà Wolé-wolé

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkìrun wọ Ìnísà, tí ẹ béèrè ilé Ògúnbíyìí, ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ yọ ṣùtì kó tó nawọ́ síbẹ̀. Ọkùnrin náà kò jalè, kò sì bá ará àdúgbò jà rí. Igún ni wọ́n ní ó ń sìn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin ẹyẹlé àti tòlótòló, tiẹ̀ ni igún, Bàbá Onígún sì ni wọ́n sọ ọ́.

Àsọdùn ni. Kò so wọ́n, kò há wọn mọ́ àgò. Ẹyẹ oko ni wọ́n, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé oúnjẹ síta fún wọn, ó sì gbé àga sábẹ́ máńgòrò, ó ń wò wọ́n.

Wolé-wolé ni Ògúnbíyìí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé ìpẹran kan lẹ́bàá Ìkìrun ni wọ́n fi í sí, kó máa yẹ ẹran wò kí ó tó dé ọjà. Ní ìdájí ni yóò ti wọ bàtà rọ́bà, yóò mú ọ̀bẹ, yóò máa la fùkù, yóò máa la ẹ̀dọ̀. Ó rí ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò pẹlẹbẹ ń rìn nínú rẹ̀ bí ewé tó níyè. Ó rí fùkù tó kún fún ọyún. Ó rí alápatà tó fi aṣọ kan náà nu imú, tó fi nu ọ̀bẹ, tó tún fi bo ẹran kí eṣinṣin má bà á. Èyí ló sọ ọ́ di ẹni tí kò lè jẹun níta mọ́. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì fún un níbi ìnáwó, yóò ti ẹran orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì máa fura sí ìrẹsì tó kù.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò rí i lára ní gbogbo ilé ìpẹran náà: igún. Lójú tirẹ̀, igún nìkan ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tí wolé-wolé bá ní ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ, igún ni yóò gbé e mì, ilẹ̀ yóò sì mọ́. Kò gba owó oṣù, kò gba rìbá, kò béèrè ìsinmi. Ògúnbíyìí máa ń sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ gba ènìyàn fún iṣẹ́ tí àwọn igún yẹn ń ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ibi tí owó rẹ̀ yóò ti jáde.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń sún mọ́lé ni igún bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbójú sókè wo òrùlé páànù, kò rí ẹyọ kan. Ó bi àwọn alápatà.

"Ọ̀gá, wọ́n ti di ọjà," ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn, ó ń pọ́n ọ̀bẹ lọ. "Orí wọn làwọn tó ń wá owó òjijì ń rà."

Ògúnbíyìí ti rí ọ̀bùn lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n èyí borí wọn: kí ènìyàn da ìdọ̀tí sílẹ̀, kó tún pa ẹyẹ tó ń bá a kó o. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo ọmọ aráyé bí ó ṣe ń wo ẹ̀dọ̀ tó ní kòkòrò.

Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ilé rẹ̀ ní Ìnísà. Igbó kékeré kan wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ níbẹ̀, àràbà ńlá kan sì dúró létí rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, igún méjì bà sórí àràbà náà. Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe ségesège. Nígbà tó dá a lójú, ó gun ọkàdà lọ sí Ìkìrun, ó bẹ ìfun lọ́wọ́ àwọn alápatà tó mọ̀ ọ́n, ó sì wá tẹ́ ẹ sórí pèpéle tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ aṣọ.

Aránṣọ ni Felicia, ìyàwó rẹ̀. Ó gbé igbá aṣọ jáde, ó sì dúró.

"Bàbá Jọláyẹmí, kí lẹ gbé sórí pèpéle mi?"

"Ìfun ni."

"Ìfun ta ni?"

"Ti màlúù. Àbí tèmi lo rò pé mo yọ síbẹ̀?"

"Tiyín ni ì bá dáa. Ẹ bá mi gbé e kúrò."

Kò gbé e kúrò. Àwọn igún sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fò tọ́n-ín tọ́n-ín lórí ilẹ̀ láàárín ewédú àti ata, wọ́n gun pèpéle, wọ́n sì jẹun. Láti ọjọ́ náà ni Felicia ti ń fọ aṣọ rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, tó sì ń ráhùn ní gbogbo ìgbà tó bá ń fọ ọ́.

Ògúnbíyìí wá mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ aládùúgbò. Ó mọ ojú wọn tó pá, tó funfun, tí yóò sì pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún bí wọ́n bá ti rí oúnjẹ. Akọ ni yóò kọ́kọ́ dúró, yóò jẹ́ kí abo jẹ díẹ̀. Felicia jókòó tì í lọ́jọ́ kan láti wo ohun tó ń wò, ọjọ́ náà gan-an sì ni abo tọ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójú wọn.

"Ẹyẹ tó ń tọ̀ sára lẹ gbé àga tì láti àárọ̀?"

"Ooru ló ń mú un. Ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀."

"Ooru ń mú èmi náà," Felicia wí, ó sì gbé àga tiẹ̀ wọlé.

Láìpẹ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi gbígbẹ sókè. Ìtẹ́ ni. Ẹyin kan ṣoṣo ni irú wọn ń yé, Ògúnbíyìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì rí i tí akọ ń gbé oúnjẹ sí ọ̀fun lọ sókè, ó mọ̀ pé ọmọ ti jáde. Nǹkan kan ṣoṣo ló wá ń lé láyé: kí ọmọ yẹn hu ìyẹ́, kó sì fò, kí àwọn olówó òjijì tó gbúròó rẹ̀.

Wọ́n ti gbúròó rẹ̀. Dúpẹ́olúwa, àbúrò Felicia, wá kí wọn láti Òṣogbo. Ọkọ̀ àlòkù ló ń tà. Ó bọ Ògúnbíyìí lọ́wọ́, ó sì jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́ pé ẹ ní ìṣúra lókè."

"Àràbà ni mo ní lókè."

"Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni mò ń wí. Oníbàárà mi kan ń wá a. Ẹ̀yin ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ṣáà pè mí bí wọ́n bá sọ̀ wá jẹun."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Dúpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ má jẹ́ ká máa la ẹnu."

Ògúnbíyìí wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà. Ó mọ́ tónítóní, èékánná rẹ̀ gún régé. Ó dìde, ó lọ síbi omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ dé ìgúnpá, ó padà wá jókòó.

"Ṣé ẹ fẹ́ jẹun ni?"

"Rárá. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni."

Felicia wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bu oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìṣòro Ògúnbíyìí ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ. Àwọn alápatà kì í da nǹkan nù mọ́. Gbogbo ohun tó wà lára màlúù, dé orí pátákò, ló ti ní ẹni tí ń rà á. Ó wá ń wá òkú ẹran kiri. Ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ kan ní Òkukù, wọ́n fún un ní àwọn adìyẹ tó kú. Ọlọ́kàdà fura sí àpò tó gbé dání.

"Bàbá, ẹ̀yin lè gùn. Àpò yẹn ò gùn."

"Owó mélòó lo fẹ́ gbà lórí àpò?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ó ń rùn mọ́ mi lẹ́yìn."

Ó fẹsẹ̀ rìn títí dé ibi tó ti rí ọlọ́kàdà mìíràn, ẹni tí ọ̀fìnkìn ti dí imú rẹ̀. Nígbà tí irú ìrìn báyìí sú u, ó sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá kú mọ́ lọ́wọ́, kó má jù ú sí gọ́tà, kó gbé e wá fún òun. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń gbé e wá. Gọ́tà náà mọ́ díẹ̀.

Àyànbùnmi, aládùúgbò wọn tó ń ta àgbàdo, gbé ọpọ́n ike kan wá láàárọ̀. Eku ló kún inú rẹ̀, eku ńláńlá inú ìsọ̀.

"Bàbá Onígún, àwọn ọmọ yín yóò jẹun ire lónìí."

"O ṣeun. Gbé e síbẹ̀."

Felicia yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá Jọláyẹmí, ṣé ẹ bi í léèrè ohun tó pa wọ́n?"

"Igún kì í béèrè. Ikùn rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ."

Ó da eku sórí pèpéle. Akọ wà nínú ìtẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Abo sọ̀kalẹ̀, ó gbé méjì mì, ó ń ya ìkẹta. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti ṣubú sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, itọ́ ń ṣe ṣọ̀ṣọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ògúnbíyìí gbé e mọ́ àyà. Ó bì sí i lára, èébì dúdú tó ń rùn gan-an. Ọkùnrin tí kò lè mu omi nínú ife ẹlòmíràn jókòó sílẹ̀ báyìí, èébì igún lára rẹ̀, kò nù ún, títí ẹyẹ náà fi kú.

Ó kó eku tó kù sínú ike, ó gbé e lọ bá Àyànbùnmi.

"Kí ló pa eku wọ̀nyí?"

"Oògùn eku ni, Bàbá. Kí ni ì bá tún pa wọ́n? Ṣé ìka ni kí n máa fi tẹ̀ wọ́n pa?"

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí. Ẹ̀yin náà lẹ ní igún kì í béèrè."

Ó gbé ike náà, ó yí padà. Láti ọjọ́ tó ti gba ọ̀bẹ ìjọba, kò jẹ́ kí ẹran kan kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ ohun tó pa á. Àwọn tó kórìíra, tó ń pè ní ọ̀bùn, ó yẹ ẹran wò fún wọn. Ẹyẹ kan ṣoṣo tó fẹ́ràn, kò yẹ tirẹ̀ wò. Bí ó ṣe ń lọ sílé, ara rẹ̀ gan-an ló ń rí i lára.

Ìròyìn yára ju ọkọ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Dúpẹ́olúwa ti dé, náílọ́ọ̀nù dúdú ní ọwọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á, èmi kọ́ ni mo pa á. Ó ti kú. Kí lẹ fẹ́ fi òkú ṣe?"

Bí wolé-wolé bá fòfin de ẹran, kì í kàn rì í mọ́lẹ̀, nítorí alápatà yóò padà lọ hú u, yóò sì tà á. Ńṣe ni yóò gé e yánnayànna, yóò da kẹrosíìnì àti ìsáàlì apakòkòrò sí i, tí kò ní wúlò fún ẹ̀dá kankan. Ògúnbíyìí wọlé lọ mú àdá. Felicia ti gbé agolo kẹrosíìnì àti ìgò ìsáàlì síta kó tó béèrè.

"Sìsítà mi, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀," Dúpẹ́olúwa wí.

"Sún sẹ́yìn," Felicia dá a lóhùn. "Yóò ta sí ọ láṣọ."

Orí ló kọ́kọ́ ṣe. Ó fi ẹ̀yìn àdá fọ́ ọ títí kò fi ní ojú, kò ní imú, kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ó gé ẹsẹ̀, ó gé ìyẹ́. Òórùn náà gba ọgbà. Dúpẹ́olúwa, tó fẹ́ gbé orí náà lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ dé Òṣogbo, fi náílọ́ọ̀nù bo imú, ó sáré lọ bì sẹ́bàá ògiri. Ògúnbíyìí da kẹrosíìnì àti ìsáàlì sí ohun tó kù, ó dáná sun ún, ó sì ri eérú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Akọ kò sọ̀ wá sórí pèpéle mọ́. Ògúnbíyìí tẹ́ ẹran tútù síbẹ̀, èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà, àfi eṣinṣin ló bà lé e. Ó rò pé ọmọ náà ti kú. Ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, kò lè jẹun, ó ń wòkè. Láàárọ̀ kan akọ fò lọ sí apá ìlú Igbaye, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì bà sí ìtẹ́, ọ̀fun rẹ̀ wú, orí kékeré kan tó pá yọ sókè, ó ń já nǹkan gbà lẹ́nu rẹ̀. Ògúnbíyìí dìde, ó palẹ̀ ẹran orí pèpéle mọ́. Kò tẹ́ nǹkan síbẹ̀ mọ́. Ẹyẹ náà mọ ibi tó ti lè rí oúnjẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí ọmọ náà fò. Ó kọ́kọ́ bà sórí òrùlé ilé wọn, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó na ìyẹ́, ó sì tẹ̀lé bàbá rẹ̀ gba òkè igbó lọ. Tọkọtaya náà dúró nínú ọgbà títí wọn kò fi rí wọn mọ́.

"Ṣé yóò padà wá?" Felicia béèrè.

"Bó bá ní làákàyè, kò ní padà."

Felicia gbójú sókè wo páànù. "Ó ṣu lé wa lórí kó tó lọ."

"Ó tọ́ sí wa," Ògúnbíyìí wí, ó sì wọlé lọ fọ ọwọ́.