Àparò Orí Àpáta Tí Wọ́n Ní Irọ́ Ni

Ìbínú ni mo fi kúrò nílé ní Ẹgbẹ́dá kí ilẹ̀ tó mọ́. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ̀yẹ, ló sọ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kò sí àparò tó ń gbé orí àpáta, tó ń na ìrù sókè bí adìẹ. Bàbá mi olóògbé ló sọ fún mi. Ṣé bàbá mi wá di òpùrọ́ nínú sàréè?

Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìyànà-Ìpájà, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà fún mọ́tò Ṣakí, ìlú bàbá mi, kí n lè fojú ara mi rí ẹyẹ náà. Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, ọ̀nà bàjẹ́ débi pé gbogbo eegun mi ń ro mí. Ilẹ̀ gbẹ táútáú, àpáta dúdú tò lọ rẹrẹ.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Àlàní, tó ti ṣọdẹ rí, ló gbà mí lálejò. Wọ́n fi ẹ̀kọ àti wàrà dídín ṣe mí lálejò. Ẹyọ wàrà kan níbẹ̀ tó mẹ́ta ti Ẹgbẹ́dá.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, báwo la ṣe ń dá a mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ náà pupa. Kì í dá rìn. Bí o bá ká àparò oko mọ́, á fò. Èyí á sáré wọ pàlàpálá òkúta ni."

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, a gun àpáta. A kọ́kọ́ gbóhùn wọn, gbogbo wọn ń ké pọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí mẹ́rin, ìrù wọn nà ṣánṣán. Omi bọ́ lójú mi.

Gbòà! Àpáta mì. Eruku sọ, àwọn ẹyẹ sá wọlé. Àwọn kan ló ń fọ́ òkúta lẹ́yìn àpáta náà.

Mo sáré tọ ọ̀gá wọn lọ. "Láti Èkó ni mo ti wá wo ẹyẹ yìí! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ilé ẹyẹ lẹ ń fọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ẹyẹ lásán! Èkó tí ẹ ti wá ló ń ra òkúta yìí. Àwọn ni kí ẹ lọ bá jà, jàre."

Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Bàbá Àlàní fà mí lọ́wọ́: "Ó ti tó. Èmi náà ti pariwo títí."

Nígbà tí mo padà délé, ọkọ mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyá Tólú, káàbọ̀ o! Wọ́n ti já òkúta tí a fẹ́ fi kọ́lé sórí ilẹ̀ wa ní Àgbàdo, tírélà kan gbáko."

Mo ti rí ẹyẹ náà, mo mọ̀ ọ́n dájú, bàbá mi ò purọ́. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ̀yẹ ni mo ń bá bínú mọ́.