Mọ́tò Oníjòókòó Méjì

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn awọ tó ti bu, mo máa ń di imú. Òórùn tó wà nínú mọ́tò méjèèjì tí ọkọ mi ń yàn láàárín wọn nìyẹn, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí à ń gbé ní Igbó-Ọrà tí mo ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Ọ̀kan pupa, ìkejì aláwọ̀ ewé. Òyìnbó méjì tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ọ̀gbìn tí ọkọ mi ti ń ṣe akọ̀wé ló ni wọ́n. Àwọn òyìnbó náà ń padà sílùú wọn, wọn ò sì fẹ́ máa ru àgbàlagbà mọ́tò kiri. Mọ́tò eré ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè fi ń sáré àsápajúdé. Ààyè èèyàn méjì péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn ni òrùlé wọn, ikùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀.

Ó mú mi lọ wò wọ́n. Èkúté ti bímọ sábẹ́ ìjókòó mọ́tò pupa, àwọn ọmọ náà ṣì pọ́n, wọn ò tíì lajú. Omi kan dúró sílẹ̀ nínú èyí aláwọ̀ ewé, ó dúdú bí omi irú. Ọkọ mi ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e sí imú, ó ní, "Omi òjò lásán ni. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì le." Mo tutọ́ sílẹ̀. Ó rò pé eruku ló kó sí mi lọ́fun.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ mọ́tò. Mo fẹ́ ẹ ju bí ọkọ mi ṣe fẹ́ ẹ lọ, nítorí ìyá mi. Ìlú Tápà nítòsí wa ni ìyá mi ń gbé, orúnkún méjèèjì sì ti dá a jókòó. Kò lè gun bọ̀lẹ̀kájà mọ́. Láti ọdún márùn-ún tí mo ti bí ìbejì, kò dé ilé mi rí. Kò rí ibi tí mò ń sùn, kò rí àdògán tí mo fi ń dáná. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ ní yàrá ìyá mi tó sọ pé, "Màmá, mọ́tò tí mo bá kọ́kọ́ rà, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ fi gbé wálé wa." Ìyá mi sì ń retí. Èmi náà ń retí mọ́tò tó ní ìjókòó lẹ́yìn, tó ga, tí arúgbó lè wọ̀.

Mo bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ tí a lọ wò wọ́n pé, "Bàbá Ìbejì, níbo ni màmá mi máa jókòó sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi ńkọ́?"

"Ìyá Ìbejì, ìwọ náà fẹ́ràn àròyé. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wa máa lọ ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń yàn. Láàárọ̀, pupa ló dára, torí pé ojú rẹ̀ yọ síta bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀rín sì ń pa á bó bá wò ó. Lálẹ́, aláwọ̀ ewé ni, torí pé imú rẹ̀ gùn. Ó máa ń di abọ́ oúnjẹ mú bí ẹni ń tọ́kọ̀, á máa fi ẹnu ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì, ẹ̀wà á sì máa tutù. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń wá gbà á nímọ̀ràn. Wọ́n á jẹ oúnjẹ mi, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọn ò gùn rí. Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ní kó mú èyí tó bá lè ta eruku séèyàn lójú jù. Ọkọ mi ti ń wọ awò dúdú kó tó ní mọ́tò. Ó ń rí mi lára, mi ò ní purọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ni, ṣùgbọ́n ó ń rí mi lára.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó kó ìbejì lọ síbi tí wọ́n gbé mọ́tò náà sí, ó ní kí wọ́n bá òun yàn. Ọ̀kan di pupa mú. Èkejì di aláwọ̀ ewé mú. Ọkọ mi fi ẹ̀rín bò ó, ó kó wọn wálé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ààyè, ohun tí mo ṣe sì ń tì mí lójú di òní. Nílùú tí ìbejì ti pọ̀ tó báyẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ ra fìlà fún ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Bó jẹ́ àkàrà kan ló kù, a ó dá a sí méjì. Mo lọ bá ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń pa ẹ̀gúsí, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, Bàbá Ìbejì ní káwọn ọmọ yan mọ́tò. Ọ̀kan yan pupa, èkejì yan aláwọ̀ ewé. Mi ò mọ èyí tí a ó wá já kulẹ̀ nínú wọn."

Màmá dá ọwọ́ dúró. "Ta ló ní kó bi wọ́n? Ó ti bi wọ́n ná. Kò gbọdọ̀ mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀."

Inú mi dùn. Mo rò pé ọkọ mi á fi méjèèjì sílẹ̀, á wá mọ́tò gidi. Ọgbọ́n àgbọ́njù níí pa òdù ọ̀yà. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ fèrè lójúde, mo jáde: ọkọ mi wà nínú pupa, mẹkáníìkì kan láti Ẹ̀rúwà ń wa aláwọ̀ ewé tẹ̀lé e. Ó ti ra méjèèjì. Ìyá rẹ̀ ń súre. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú ìbejì kò gbọdọ̀ wọnú mọ́tò pupa àfi kí èkejì wọnú aláwọ̀ ewé. Ìyá ọkọ mi ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ mi bá fẹ́ gbé àwọn ọmọ débi kankan, a ní láti ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ mi ní òun ń lọ gbé ìyá mi. Mo ti wọ bọ̀lẹ̀kájà ṣáájú lọ sí Tápà láti bá a palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù rẹ̀ tán kí n tó dé. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ìyá mi ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wọ aṣọ òfì rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ọkọ ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé mi."

Mọ́tò méjèèjì dé pẹ̀lú eruku. Ọkọ mi àti ọmọ kan wà nínú ọ̀kan, mẹkáníìkì àti ọmọ kejì wà nínú èkejì. Gbogbo ààyè ti kún.

Mo ní, "Ẹ kó àwọn ọmọ méjèèjì sínú ọ̀kan."

Ọkọ mi wolẹ̀. "Ìyá mi ló ní..."

Èmi fúnra mi ni mo gbé ọmọ kúrò nínú pupa, ó ń ké, mo sì tì í mọ́ ìkejì rẹ̀. Ìyá mi di ilẹ̀kùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò gbà. Ìjókòó náà ti rẹlẹ̀ jù. A gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, èmi lápá kan, ọkọ mi lápá kejì, àwọn tó ti sọ fún pé ọkọ ọmọ òun ń bọ̀ sì dúró, wọ́n ń wò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní ká fi òun sílẹ̀.

Ó na ẹ̀yìn ró, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ mi. "Ẹ ṣeun, àna mi. Ọlọ́run á fi èyí tó tóbi jù báyìí lọ rọ́pò ẹ̀."

Àdúrà tí gbogbo èèyàn ń gbà fún ẹni tó ra nǹkan ni. Ọkọ mi ṣe àmín, kò gbójú sókè.

Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá mi ní kí n bá òun gbé ẹrù wọlé, kí n tú u. Ọjọ́ méjì ni mo rò pé ó ń bọ̀ wá lò. Mo tú u: aṣọ òtútù rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ẹní rẹ̀, abọ́ ìjẹun rẹ̀, igbá tó fi ń wẹ̀, àti gbogbo ìró tó ní. Ó ti dì í láti wá bá mi gbé.