Bẹ́ẹ̀dì Angustias Tí Kò Gbẹ

Ọjọ́ tí Baldomero agbẹ́gìtá fi ayùn rẹ́ bẹ́ẹ̀dì Angustias ìyàwó rẹ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Granada, nílẹ̀ Sípéènì, ni ẹnu yà. Angustias lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Motril fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Nígbà tó dé, tìmùtìmù wà nílẹ̀, ìrọ̀rí méjì wà lórí rẹ̀ létòlétò, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ló kọjú sí tiwọn. Nígbà tí mo gbọ́ igbe, mo rò pé ẹnìkan ló kú.

"Baldomero! Bẹ́ẹ̀dì mi dà?"

"Fara balẹ̀, Angustias. Wá gbọ́ nǹkan." Ó gbé pákó kan sókè, ó fi ìka kàn án. "Ṣé o gbọ́? Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo bí Nieves sí!"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi gé e."

Igi Río ni bẹ́ẹ̀dì náà. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun ń kó igi yìí wá láti ilẹ̀ Brasil bí ẹní kó igi ìdáná. Wọ́n gé e títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ni òfin bá de títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Láti ìgbà náà, gìtá tí wọ́n bá fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ lè tó iye tí wọ́n fi ń ra mọ́tò. Àwa agbẹ́gìtá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà bí ẹni tí ebi ń pa. Àmọ́ àwa ń wò ó lásán ni o. Baldomero ló gbé ayùn.

Kò sí igi tí ọkùnrin náà rí tí kò ní fi ìka kàn kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Níbi ìsìnkú Hilario oníbúrẹ́dì, bí fadá ṣe ń wọ́n omi mímọ́, Baldomero na ọwọ́, ó kan pósí lẹ́ẹ̀mejì. Opó Hilario fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, ó rò pé ọkọ òun ló ń kanlẹ̀kùn láti inú!

"Páínì lásán ni," ni Baldomero sọ fún un tàánútàánú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n rẹ́ yín jẹ."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, dókítà eyín kan wá láti Jámánì. Ó bèèrè ìdí tí gìtá igi Río fi wọ́n ju ti sípírẹ́sì lọ ní ìlọ́po márùn-ún, nígbà tó jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

"Ohùn ni. Ẹ kọjú sí ògiri." Baldomero fi ìka ta okùn gìtá kan, ó ta ti ìkejì. "Èwo ló dùn jù?"

"Ìkejì."

Sípírẹ́sì ni, igi tó kún itẹ́ òkú wa. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú sípírẹ́sì.

"Dókítà," ni Baldomero wí, "etí yín ń fẹ́ ìtọ́jú ju eyín àwọn tó ń wá bá yín lọ."

Àwa tó ń ṣe é mọ̀ pé ọ̀wọ́n igi ló ń jẹ owó yẹn ju ohùn lọ. A kì í kàn sọ ọ́ létí oníbàárà. Ṣùgbọ́n Angustias wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti búra pé òun ò ní fi ẹsẹ̀ tẹ inú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń gbé abọ́ sí.

"Igi itẹ́ òkú ló dùn jù," ló wí. "Kí lo wá gé bẹ́ẹ̀dì mi fún?"

Háà! Baldomero gbé gìtá méjèèjì kọ́ padà sára ògiri. Kò jẹ oúnjẹ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá ra pákó bẹ́ẹ̀dì yẹn, èsì kan náà ni: "Kò tíì gbẹ." Bẹ́ẹ̀dì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún! Angustias á sì pariwo láti ojú fèrèsé òkè: "Bí kò bá tíì gbẹ, dá a padà, kí n lọ sá a sóòrùn!" Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Baldomero kú lẹ́yìn ọdún tuntun. Àwa agbẹ́gìtá fi sípírẹ́sì tó dára jù lọ́wọ́ wa kan pósí fún un. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, a tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú fi ìka kàn án. Fadá wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. Ó dún dáadáa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Nieves ọmọ wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù. Dókítà eyín ti kọ̀wé: iye yòówù kí wọ́n pè é, òun á ra pákó náà. Angustias dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó wọlé. Mo bá wọn wá pákó káàkiri, a ò rí i. Àpótí gìtá kan la bá lábẹ́ tábìlì. Igi Río ni gìtá inú rẹ̀. Mo yọjú wo ihò rẹ̀, mo rí ìwé tí Baldomero lẹ̀ mọ́ inú, ẹnu sì yà mí. Ọdún tó gé bẹ́ẹ̀dì gan-an ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Ti Angustias ni. Kì í ṣe títà." Gbogbo ọdún yẹn, ó ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ wọlé ni.

Angustias yí gìtá náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí, àfi ibì kan létí rẹ̀ tó rí págunpàgun. Ó fi ọwọ́ pa á.

"Àpá eyín rẹ nìyí, Nieves. Ìgbà tí eyín rẹ ń hù, pákó orí bẹ́ẹ̀dì lò ń gé jẹ."

Ká ní ìfági kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti kúrò. Baldomero fi í sílẹ̀.

"Òpùrọ́ ọkùnrin," ni Angustias wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò tíì gbẹ! Ọdún mọ́kànlá!" Ó fi ìka kan gìtá náà, ó tẹ́tí, ó tún kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e sáyà, ó kọjú sílé.

"Màmá, kí ni kí n sọ fún dókítà?"

"Sọ fún un pé kò tíì gbẹ."