Ọjọ́ Tí Apá Mi Kọ̀ Lójú Ọ̀sà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dúró díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀sà fún yín. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mi ò ní bínú!

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ọkọ̀ ni mo ń wà. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́, Ráfátù lorúkọ rẹ̀. Ni mo bá dá wa ọkọ̀ láti Èbúté Ìkòròdú lọ kí bàbá rẹ̀, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́!

Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja síwájú mi. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń jẹun bí ìkookò nílé àna? Mo bu òkèlè méjì, mo ní mo ti yó. Yó kẹ̀! Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ní àwọn fẹ́ wá mọ ilé wa, kí n gbé àwọn àti Ráfátù lọ. Ẹnu mi yá, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àjẹ̀ tí mo fi ń wa ọkọ̀, èmi nìkan tó o! Bàbá, tí àwọn náà ti wa ọkọ̀ dàgbà, kàn wò mí ni.

Kí a tó dé Agbówà, apá mi kọ̀. Mo ti àjẹ̀ bọ omi, agbára àtifà á ò sí. Atẹ́gùn sì ń gbá wa lọ sínú koríko odò! Ráfátù béèrè bóyá ara mi ò yá. Mo bá fò dìde kó lè rí i pé ẹsẹ̀ mi ṣì le koko. Ọkọ̀ fì, díẹ̀ ló kù kí àna mi já sómi!

Bàbá pariwo mọ́ mi, "Jókòó, ìwọ ọmọ yìí!"

Ráfátù gba àjẹ̀, ó wà wá dé Agbówà. Ìtìjú!

Ibẹ̀ ni bàbá ti là mí lọ́yẹ. Wọ́n ní iṣan ara ní àká tirẹ̀. Béèyàn bá jẹun tó sì sinmi, ara á kó agbára oúnjẹ náà pamọ́ síbẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, iṣan á máa tú u lò. Mo ti lo ti apá mi tán lánàá, mi ò sì dá nǹkan kan padà. Mo ní, ẹsẹ̀ mi tó lágbára ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohun tó wà ní àká ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ló ni ín, kì í yá apá.

Mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́wàá, mo nawọ́ sí àjẹ̀. Bàbá ní rárá, àká kì í kún lójú ẹsẹ̀. Bí a ṣe gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú nìyẹn: Ráfátù ń wa ọkọ̀ níwájú, bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, èmi láàárín bí apẹ̀rẹ̀ ẹja. Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín!

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi béèrè ohun tí wọ́n rí lára mi, àna mi ní, "Ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdí oúnjẹ nìkan ló ti ń purọ́. Ráfátù á máa ṣọ́ ọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ọ̀la, oúnjẹ òní ni. Ẹ má tijú àtijẹun o! Ta ni ara rẹ̀ ti dójú tì lójú àna rí? Ẹ wí o, kó má jẹ́ èmi nìkan!