Ìdí Tí Gàrí Yèyé Fi Di Kókó

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹfà, tí gàrí inú agbada Yèyé di kókó. Aago náà dá mi lójú, nítorí pé ìròyìn aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lórí rédíò tí Yèyé so mọ́ òpó àtíbàbà. Awẹ́ igbá ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń dún ṣàràṣàrà bó ti máa ń dún, àfi bí ìró náà ṣe yí padà lójijì. Ó wúwo. Ohun tó yẹ kó máa fọ́n bí iyanrìn gbígbẹ ń yí gbirigbiri nínú agbada, òórùn kíkan tó máa ń ta wá nímú sì di òórùn ẹ̀kọ tó jóná.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí à ń pè ní Àǹtí Ìlọrin, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó gbé àpò rẹ̀ lérí, tó sì kí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdáná."

Nílùú wa, tí kò jìnnà sí Koro, àwọn tó ń yan gàrí gbà pé àlejò tó ru ẹrù kò gbọdọ̀ kí wọn nídìí agbada. Kó sọ ẹrù kalẹ̀ ná, kó tó la ẹnu. Aládùúgbò wa kan tó máa ń bá Yèyé jọ gàrí ju ajọ̀ sílẹ̀.

"Háà! Ta ló ru ẹrù kí wa yìí? Ẹ ò rí i? Ẹsẹ̀ Ìlọrin ti wọ agbada!"

"Ẹsẹ̀ tèmi?" ni Àǹtí mi dáhùn. "Ẹsẹ̀ tí mi ò tíì gbé kúrò lórí ọ̀kadà tán?"

Yèyé ń fi awẹ́ igbá fọ́ àwọn kókó náà. Kì í ṣe òun ló bí bàbá mi tàbí ìyá mi. Aládùúgbò ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń yan gàrí. Òwú dúdú ló fi so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, aṣọ rẹ̀ a sì máa rùn èéfín àti ìpara tí wọ́n fi ń pa ara ríro. Mo máa ń lọ bá a ṣiṣẹ́ ní gbogbo Sátidé, nítorí pé ó ń kọ́ mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì nílò rẹ̀ gidigidi. Bàbá mi ti bá Àǹtí Ìlọrin ṣe àdéhùn. Bí mo bá yege nínú ìdánwò àfẹnusọ tí wọn yóò ṣe fún wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, n ó wọ ilé-ìwé girama tó ní ibùgbé. Bí n kò bá yege, n ó bá Àǹtí mi lọ sí Ìlọrin láti máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní n ó máa lọ sílé-ìwé níbẹ̀ "tó bá yá." Mo mọ ọmọbìnrin méjì ní àdúgbò wa tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Kò yá fún èyíkéyìí nínú wọn.

Mo mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, síso wọ́n pọ̀ ni ìṣòro mi. Olùkọ́ wa fi bíírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé mi pé gbólóhùn mi ń dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ará ilé tó ń bára wọn jà. Ọ̀nà tí Yèyé ń gbà tún un ṣe rọrùn: lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ẹnu ló ń ṣáájú ọwọ́. Kí n tó bó ẹ̀gẹ́, n ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ohun tí mo fẹ́ ṣe, ìgbà tí n ó ṣe é, àti ìdí rẹ̀. Ó máa ń fi igi ìdáná fa ìlà sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ìgbà wà lápá òsì: before, after, until. Ọ̀rọ̀ ìdí wà lápá ọ̀tún: because. Ó ní since fẹ́ máa gbé ilé méjèèjì, kí n má tíì bá a ṣọ̀rẹ́.

"A kì í ṣèèṣì bọ́ sí apá ọ̀tún," ni ó máa ń wí. "Apá òsì, ojú lásán lè gbé ọ débẹ̀. Apá ọ̀tún, ó di dandan kí o ní ẹ̀rí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó pa iná, ó sì kọjú sí mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ láìkólòlò, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi: "The gari spoiled because my aunt came."

Mo fẹ́ràn gbólóhùn náà. Mo sì mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀: bí ẹsẹ̀ Àǹtí mi bá burú, bàbá mi lè má fi mí fún un mọ́. Yèyé wò mí láti òkè ìgò ojú rẹ̀.

"Ṣé o rí i ni, àbí o fẹ́ ẹ?"

Mo tẹ̀ ba, mo ń ṣa kókó inú agbada. Yèyé fi kún un pé:

"Lẹ́yìn tó dé ló ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni ojú èmi rí. Ìyókù, a ó dán an wò ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Àǹtí mi wá fún ìsìnkú kan ní Obbo-Ilé, mo sì bá a lọ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ gàrí ti ṣáájú wa débẹ̀. Nígbà tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti bá wọn ro ọbẹ̀, obìnrin kan rọra gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sinmi. Ó jókòó sẹ́yìn àgọ́ lóun nìkan, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. N kò ro nǹkan kan nígbà náà, tàbí kí n sọ pé mo gbìyànjú láti má rò ó.

Nígbà tí Sátidé pé, Yèyé ní kí n lọ pè é wá.

"Gbé àpò rẹ lérí," ni ó wí fún un, "kí o sì kí wa."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí wọ́n tún lè rí mi bú ni?"

"Gbé e lérí, mo ní. Bó bá tún di kókó, èmi gan-an ni n ó sìn ọ́ dé ibùdókọ̀."

Àǹtí mi ru àpò. Ó kí wa pẹ̀lú ohùn gíga, bí ẹni tó ń bínú. Yèyé da ẹ̀gẹ́ tí a ti fún gbẹ sínú agbada, awẹ́ igbá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gàrí náà fọ́n, ó ń tàn, ó ń dún ṣàràṣàrà. Aládùúgbò tó ń jọ gàrí bù ú, ó fi àtàǹpàkò rà á, kò rí kókó kan ṣoṣo.

"Ó lè jẹ́ pé ẹrù tòní fúyẹ́ ni," ni ó wí.

"Ìwọ wá bá a gbé e wò," ni Àǹtí mi fèsì.

Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àǹtí mi lọ sẹ́yìn ilé, kó má kí ẹnikẹ́ni. Ó wá mú àpò ẹ̀gẹ́ kejì wá láti abẹ́ jáàkì, irin tí a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ jáde, èyí tí omi rẹ̀ ṣì ń ro tó, tó, tó. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì níbẹ̀ sínú agbada. Kò pẹ́ rárá. Ìró náà wúwo, òórùn ẹ̀kọ tó jóná gbòde, kókó sì ń yí gbirigbiri.

Ó yọ ìgò ojú rẹ̀. "Ní Sátidé tó kọjá, ta ló tú jáàkì?"

Èmi ni. Mo ti tú u kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé mo fẹ́ tètè parí iṣẹ́ lọ síbi ìdánrawò akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí i pé omi ṣì ń ro. Mo rò pé ìwọ̀nba yẹn kò lè ṣe nǹkan kan.

"Èmi ni, mà."

Àǹtí mi ti yọjú láti ẹ̀yìn ilé. "Ọmọ yìí! Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi pè mí ní ẹlẹ́sẹ̀ burúkú, ìwọ ń wò mí lójú!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Omi ń dà lójú mi. Yèyé jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ tán pátápátá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó dáa. Wá sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú àwọn mẹ́ta tó ń dán wa wò ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Obìnrin tó wà láàárín ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, bí a ṣe ń ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbó ẹ̀gẹ́. Mo ń so gbólóhùn kan mọ́ èkejì, èyí tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e, mo sì sọ nípa èyí tó bàjẹ́. Ọkùnrin tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ó mọ ìgbàgbọ́ àwọn ayangàrí wa, nítorí ó béèrè pé àlejò tó ru ẹrù yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun ló bà á jẹ́?

Mo kọjú sí i.

"No, sir. It happened after my aunt came. It did not happen because she came. It happened because I opened the jack before the water finished."

"How do you know?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Because we tried it again, sir."

Obìnrin náà gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná!" ni ó wí ní Yorùbá, ó sì ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, tèmi ló ṣe ìkẹta. Mo fi ìka tọ́ ọ kí n tó gbà gbọ́. Wọ́n ní Yèyé jó yí agbada ká nígbà tó gbọ́. N kò sí níbẹ̀, n kò lè jẹ́rìí sí i. N kò tilẹ̀ lè sọ pé òun ló jẹ́ kí n gboyè ní yunifásítì, nítorí n kò ní ìgbésí ayé mìíràn tí mo lè fi dán an wò. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kò sí ẹlòmíràn tó kọ́ mi ní ìdáhùn ọjọ́ náà. Títí dòní, bí inú bá ń bí mi sí ẹnìkan nítorí ohun tí mo rò pé ó ṣe, mo máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó la ẹnu. Ìwọ̀nba ìgbà ló jẹ́ pé ẹni tí mo fura sí ló jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ tí a wọ ilé-ìwé girama náà, Àǹtí Ìlọrin gbé mátírẹ́ẹ̀sì tuntun wá, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì òkè fúnra rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí eruku fi tán. Mo sìn ín dé ìdajì ọ̀nà. Ó dúró bá ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì ilé-ìwé sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i pé ó nawọ́ sí mi, ẹ̀ṣọ́ náà sì nà ṣánṣán, ó kí mi bí ọlọ́pàá ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀.