Iná Ọ̀sán Lára Ọkọ̀ Àdùfẹ́

Àwọn èèyàn Olódì-Àpápá fẹ́ràn láti máa bá ẹni wa ọkọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin ló wà nídìí sitiárìn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí pé ẹ̀gbẹ́ Àdùfẹ́ ni mo máa ń jókòó sí láràárọ̀ lọ́dún 2009, nígbà tó ra Honda rẹ̀.

Ọ́fíìsì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní Wharf Road, ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Àdùfẹ́ fi ń gbé pépà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kiri èbúté Tin Can, láti orí tábìlì kọ́sítọ́ọ̀mù kan dé òmíràn, kó tó di pé tirẹ̀ náà gúnlẹ̀. Tòkunbọ̀ láti Kánádà. Ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà ṣáájú ìgbà yẹn, ó gba láísẹ́ǹsì, ó sì mọ ọkọ̀ wà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Kì í ṣe torí pé ọ̀rẹ́ mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Iná ló kó bá a. Bó bá ti sítáàtì ọkọ̀ náà báyìí, tó ní kó máa lọ, iná iwájú méjèèjì á tàn, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn gan-an. Kò sí ibi téèyàn lè tẹ̀ tó máa fi kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kánádà nìyẹn, iná ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́sàn-án. Ta lèèyàn fẹ́ máa ṣàlàyé Kánádà fún lójú ọ̀nà Ajégúnlẹ̀? Ọlọ́kadà á na ọwọ́ sí wa, á máa ṣí ìka, á máa pa á dé. Obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun á pariwo láti ìdí ààrò rẹ̀. Agbèrò á gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàà: "Madam, off your light now! Who teach you motor?" Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láti ilé dé Wharf Road, mo ka èèyàn mọ́kàndínlógún. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Àdùfẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kọ́láwọlé ọkọ rẹ̀ ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Kọ́láwọlé yìí kò mọ ọkọ̀ wà o, kẹ̀kẹ́ pàápàá kò mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ìtìjú. Ó ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò pé ìyàwó òun ò mọ iná ọkọ̀ pa. Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́: "Àdùfẹ́, títí ìparí oṣù yìí ni mo fún ẹ. Bí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ iná, Mọ́rúfù ló máa máa wà á, ìwọ á lọ jókòó sẹ́yìn." Mọ́rúfù ni àbúrò Kọ́láwọlé tí iṣẹ́ awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sí i. Ọkọ̀ ta ni?

Àdùfẹ́ gbé ọkọ̀ lọ bá Ebuka, rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò wa. Ebuka yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mi orí.

"Aunty, e no get switch. If I cut wire, I fit spoil another thing."

Ló bá fa hánńdìbéréèkì sókè díẹ̀, ó dún kẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Iná kú, torí pé ọkọ̀ náà kì í tanná bí hánńdìbéréèkì bá wà lókè. "You see? Leave am like that. E go still move."

Ọkọ̀ náà rìn lóòótọ́. Odindi ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó na ìka sí wa. Àdùfẹ́ ń kọrin lábẹ́nu, ó tún gbé ìgúnpá lé fèrèsé. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí hánńdìbéréèkì wà lókè. Ariwo yẹn ló ti sú u.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé Kọ́láwọlé dání kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìjọra là ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni jókòó síwájú, mo wà lẹ́yìn. A ò tíì gun afárá tí mo fi gbóòórùn nǹkan tó ń jóná. Mo bojú wẹ̀yìn, èéfín ń rú níbi táyà. Awakọ̀ tírélà kan tó wà lórí ìlà yọ orí síta, ó figbe ta: "Madam! You no drop handbrake!" Gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Àdùfẹ́ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí wọ́n má baà pè é ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀. Ó fẹ́ ṣàlàyé, Kọ́láwọlé kò gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ Mọ́rúfù.

Mẹkáníìkì tún béréèkì ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Mọ́rúfù sọ hánńdìbéréèkì kalẹ̀, iná méjèèjì tàn yòò, èmi àti Àdùfẹ́ sì jókòó sẹ́yìn bí àlejò. A kọjá lára àwọn ọlọ́kadà. A kọjá lára obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo rò pé wọn ò rí i ni, àfi ìgbà tí agbèrò tó máa ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì wa tẹjú mọ́ iná náà, tó wo ojú Mọ́rúfù, tó sì júwọ́ sí i: "Chairman! Correct motor! Even for afternoon, light dey!"

Mo wo Àdùfẹ́. Omi ti lé sí i lójú, ìbínú ló sì fà á.

"Mọ́rúfù, páàkì."

"Àǹtí, kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

"Mo ní kó o páàkì, kó o bọ́ọ́lẹ̀."

Ó bọ́ọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún bùrọ̀dá?"

"Sọ fún un pé iná ń tàn."

Àdùfẹ́ jókòó sídìí sitiárìn, èmi náà sáré bọ́ síwájú. A ò tíì kọjá òpó iná méjì tí ọlọ́kadà kan fi sún mọ́ wa, tó ń ṣí ìka, tó ń pa á dé. "Madam, your light!"

Àdùfẹ́ yọ orí síta, ó sì pariwo mọ́ ọn débi pé ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí gọ́tà: "I know! Mo mọ̀!"