Ìlú Páálí Tí Bàbá Mi Kọ́ ní Mafoluku

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì bàbá mi lọ, ìlú kan wà lórí tábìlì náà ní Mafoluku, lẹ́bàá Òṣòdì. Káfíńtà ni bàbá mi. Páálí bàtà ni wọ́n fi kọ́ ìlú ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún yín, nítorí mo mọ gbogbo igun rẹ̀. Íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Igi ìṣáná ni òpó. Fèrèsé méjì dojú kọra nínú yàrá kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí ààtàn àdúgbò wa wà, ọgbà ni bàbá mi fi síbẹ̀. Gbogbo ará àdúgbò ló sì ní ilé níbẹ̀. Bàbá mi kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Kí ìwọ̀n lè péye, ojúlé dé ojúlé la máa ń lọ wọn ilé. Èmi á di orí téèpù mú, bàbá mi á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Ìyá aránṣọ tó wà lójúlé kejì sí wa máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Onípáálí, ẹ bá mi fi balùwẹ̀ méjì sí tèmi o! Ọkọ mi kì í tètè jáde."

"Mẹ́ta ni mo fún ẹ, ìyàwó. Wàá máa fọ ẹnu ẹ nínú ìkẹta."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ògiri kan náà: wọn yóò wó àwọn ilé náà láti la títì. Bàbá mi kò mọ̀ wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì bàbá mi ni ọ̀dà pupa náà wà.

Ìyá aránṣọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ bá ìjọba wọn ilé wa, àbí?"

Bàbá mi nawọ́ sí orí tábìlì. "Wò ó, ìyàwó, ilé ẹ nìyí."

"Èyí tí mo lè sùn sí ni mò ń bèèrè."

Láti ọjọ́ náà, ẹnì kankan kò kí wa mọ́. Ní àárọ̀ tí katapílà dé, irinṣẹ́ nìkan ni bàbá mi kó jáde. Èmi ni mo sáré wọlé, mo já ilé ìyá aránṣọ kúrò lórí tábìlì.

Lónìí, bí mo bá dé Òṣòdì, mo máa ń dúró wo àwọn afárá àti ibùdókọ̀ alájà púpọ̀ yẹn. Ìwọ̀n wọn péye, n kò ní purọ́. Ayé ti yí padà: láti òkè ni ẹ̀rọ tó ń fò ti ń wọn ilé báyìí, onílé kì í tilẹ̀ mọ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí ẹni tí èèyàn lè bá jà.

Ilé páálí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú balùwẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wá ìyá aránṣọ títí. N kò rí i.